Ikùn Afárá

Bí ẹ bá rí ọmọbìnrin kan tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, tó ń na ọrùn wo ẹnu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, tí kò sì sí àgbàlagbà kankan nítòsí, kò sí ìdí fún mi láti máa yí ọ̀rọ̀ po. Ohun tí ẹ fura sí náà ni. Olè ló ń jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bọ́ọ̀sì náà kí ẹ sì bi í léèrè, kò ní gbà fún yín. Yóò nu girísì kúrò nímú, yóò sì ṣàlàyé fún yín pé ìwádìí ìjìnlẹ̀ lòun ń ṣe.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Tíṣà kan ló fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ìbéèrè kankan dáhùn nínú kíláàsì. "Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni tíṣà náà wí, "jọ̀ọ́, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwa òpè." Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi òun ṣe. Ó gbé orúkọ náà délé bí ẹni gbé ẹ̀bùn, ó kọ ọ́ sẹ́yìn gbogbo ìwé rẹ̀, nígbà tó sì fi dé kíláàsì àṣekágbá, kì í dá ẹni tó bá fi orúkọ mìíràn pè é lóhùn mọ́. Bàbá rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. "Ìyá mi" ni bàbá máa ń pè é.

Bàbá yìí ló ni ọgbà tí bọ́ọ̀sì náà wà. Jórinjórin ni, sàlẹ́ńsà mọ́tò sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Mọ́tò tó bá ń pariwo bí ẹni tí wọ́n gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ni wọ́n ń gbé e wá, á sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tó bá ń padà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àṣà méjì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kì í yé rẹ́rìn-ín sí.

Àkọ́kọ́, ibikíbi tó bá fi iná jó pọ̀, kò ní sọ pé iṣẹ́ ti parí. Yóò po ọṣẹ sínú ike, yóò ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ yípo ojú jíjó náà, yóò wá lóṣòó tì í, yóò máa wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun lójú oorun. Bí ọṣẹ bá hó, afẹ́fẹ́ ń yọ níbẹ̀ nìyẹn. Yóò tún un jó. Bí kò bá hó, yóò ní, "Ó ti dí," yóò sì dìde.

Èkejì, mọ́tò tó bá kọ́kọ́ wọ ọgbà rẹ̀, yóò mú ìṣó, yóò fi ha nọ́ńbà mọ́tò náà sí ikùn irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ti ẹnì kan má baà lọ bọ́ sábẹ́ mọ́tò ẹlòmíràn.

"Bàbá, ta ló máa wọ abẹ́ mọ́tò lọ kà á?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bi í rí.

"Èmi," ni bàbá fèsì.

Ó kọ́ ọmọ náà níṣẹ́ láti ìgbà tó ti lè di iná mú, ọwọ́ ọmọ náà sì já fáfá. Ó lè gé irin, ó lè jó o pọ̀, ojú jíjó rẹ̀ á sì tò ju ti bàbá lọ. Kò kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í léèrè iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó ní bàbá òun jẹ́ onímọ̀ nípa irin.

Ohun tó ń gé lábẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Sátidé náà ni àwọn oníṣẹ́ sàlẹ́ńsà ń pè ní afárá. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni, ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti sàlẹ́ńsà. Bí ẹ bá yọjú wo inú rẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ lẹ ó rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí afárá oyin. Epo tí mọ́tò ń jó kì í jó tán. Lára ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde ni afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ kábọ́ọ̀nù mònókísáìdì, tí kò láwọ̀, tí kò lóòórùn, tó sì lè pa ènìyàn bí ìgbà tí ènìyàn sùn lọ. Wọ́n fi irin iyebíye kun ara ihò wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ibẹ̀ bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ burúkú tó bá gba ibẹ̀ kọjá á yí padà, á sì di irú èyí tí àwa náà ń mí síta.

"Kátálíísì ni irin yẹn," ni Tíṣà Kẹ́mísírì sọ fún wọn ní kíláàsì. "Ohun tí ń yí àwọn mìíràn padà, tí òun kì í yí padà, tí kì í sì í pàdánù ohunkóhun."

Gbólóhùn náà wọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lára. Ó dúró níwájú dígí nílé, ó wí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé àgbọ̀n sókè ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó dá a lójú pé òun ni wọ́n ń ṣàpèjúwe.

Ìdíje sáyẹ́ǹsì ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ẹni tó bá gba ipò kìíní yóò lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́, àti ilé tí yóò gbé níbẹ̀, àti ìwé tí yóò kà. Lọ́dún tó kọjá, ipò kẹta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà, ó sì ti pinnu pé irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí òun mọ́. Ó ti ronú ẹ̀rọ kan tí yóò máa fọ èéfín jẹnẹrétọ̀ ilé mọ́. Ó ti ya àwòrán rẹ̀, ó ti gbẹ́ pákó tí yóò gbé e lé, ó ti kọ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Afárá nìkan ni kò ní.

Ó ti bẹ bàbá rẹ̀. "Ìyá mi," ni bàbá wí, "ara mọ́tò ni afárá ń gbé. Mo ti bá àwọn tó ń tú mọ́tò àlòpatì sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọ́n á yọ ọ́ fún wa. Ní sùúrù díẹ̀."

Sùúrù ni ohun kan tí wọn kì í fi sínú ìwé kẹ́mísírì. Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá bá bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ jó ìdí sàlẹ́ńsà rẹ̀ tó ti já, ó fi omi ọṣẹ kàn án, ó ní ó ti dí, ó sì jáde lọ gba gáàsì tó fi ń ṣiṣẹ́. Kí ó tó padà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gé afárá kúrò, ó ti fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀, ó sì ti jó ẹnu páìpù náà pọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ike ọṣẹ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ojú jíjó náà tò, ó ń dán. Ó fi ẹsẹ̀ ti ike náà sẹ́yìn.

Kò pẹ́ tó gbé afárá pamọ́ sínú báàgì rẹ̀ tí Àǹtí Dírẹ́bà fi wọlé. Obìnrin yìí ló ń wa bọ́ọ̀sì náà. Kò lọ́kọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú òun. "Ọkọ̀ mi ni ọkọ mi," ló máa ń wí. "Mo mọ ibi tó ń lọ, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ dúró."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ara ọkọ mi ti yá?"

"Ó ti yá, Àǹtí."

"Bàbá yín ńkọ́?"

"Wọ́n lọ gba gáàsì. Wọ́n ní kí ẹ máa gbé e lọ."

"Wọ́n ti fọṣẹ wẹ̀ ẹ́?" Gbogbo ẹni tó ní mọ́tò ló mọ àṣà bàbá náà.

"Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́."

Ẹ má sọ pé irọ́ ló pa. Bàbá ti wẹ ojú jíjó tirẹ̀ láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ojú jíjó ta ni.

Àǹtí Dírẹ́bà tan bọ́ọ̀sì. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ṣẹ́jú. "Ohùn rẹ̀ ti nípọn díẹ̀."

"Ó ń mí dáadáa ni, Àǹtí."

"Tí ọkùnrin bá ti ń mí dáadáa, kí ni mo tún ń wá?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wà á lọ. Nọ́ńbà 417 tí wọ́n kọ gàdàgbà sẹ́yìn bọ́ọ̀sì náà bọ́ sí títì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé afárá lọ sí yàrá kẹ́mísírì nílé ẹ̀kọ́. Ẹrẹ̀ àti èéfín ọdún pípẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha òkè rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí wọ́n fi ń kọ mọ̀nà. Ikùn rẹ̀ ni kò fọwọ́ kàn. Orí pákó ni ikùn yóò kúkú wà, àwọn adájọ́ kò ní rí i.

"Níbo lo ti rí i?" ni Tíṣà Kẹ́mísírì bi í.

"Bàbá mi ló fún mi, sà."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó sílé, ó ń kọ ìwé gàgàrà tí yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fi yíǹkì pupa kọ àkọlé: ÀMÌ TÍ Ẹ Ó FI MỌ AFẸ́FẸ́ APANI. Lábẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í to àmì sí. Ó ń kọ "orí fífọ́" lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé láti ilé ẹ̀kọ́.

Àbúrò yìí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Rédíò ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nọ́ńbà. Nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ, nọ́ńbà mọ́tò tó ń sáré kọjá, kò sí èyí tí kì í kà sókè. Ó máa ń dá àjèjì dúró lójú ọ̀nà kí ó lè sọ fún wọn pé, "Ẹẹ́rin, oókan, eéje, bọ́ọ̀sì wa nìyẹn."

Lọ́jọ́ náà kò ka nǹkan kan. "Orí ń fọ́ mi," ló wí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ lẹ́tà tó kù tán kí ó tó gbójú sókè. "Orí ń fọ́ ẹ báwo?"

"Ó ń fọ́ gbì gbì. Ọ̀rẹ́ mi náà bì sórí báàgì mi nínú bọ́ọ̀sì. Àǹtí Dírẹ́bà ní oòrùn ló pa wá."

"Níbo lo máa ń jókòó?"

"Ẹ̀yìn. Lórí ihò. Mo máa ń wo títì níbẹ̀, ó máa ń sáré."

Ihò kan wà ní ilẹ̀ bọ́ọ̀sì náà lóòótọ́, kò ju àtàǹpàkò lọ, àwọn ọmọ sì máa ń jà sí ìjókòó tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé páìpù tí òun jó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó mọ àwọn àmì náà sórí; wọ́n wà níwájú rẹ̀ ní yíǹkì pupa.

"Lọ́la, lọ jókòó níwájú."

"Àwọn ọmọ ńlá ló ni iwájú."

"Ní kí wọ́n ṣí wíńdò nígbà náà."

Ó fún un ní oògùn orí fífọ́ àti omi. Rédíò mu ún, ó lọ sùn, kò sọ ìtàn kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó, ó ń ro ọ̀rọ̀ náà, ó sì rò ó bí ọmọ tó mọ ìwé. Bí òun bá sọ lónìí, wọ́n á dá afárá padà, ìdíje ti bọ́ nìyẹn. Ọjọ́rú nìkan ló wà láàárín. Tó bá di Ẹtì, òun yóò gbé e padà, òun yóò jó o dáadáa, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Wíńdò sì wà ní ṣíṣí. Ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe nǹkan. Ó mú yíǹkì pupa, ó kọ àmì tó kàn: "èébì."

Lọ́jọ́rú, nínú yàrá kẹ́mísírì, ó jó afárá náà mọ́ ẹnu páìpù jẹnẹrétọ̀. Ó dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́nì kankan, ó po ọṣẹ sínú ife, ó fi kun ojú jíjó náà yípo, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó sì lóṣòó tì í. Kò hó. Ti àwọn adájọ́ nìyí. Kò lè fi ìyẹn ta tẹ́tẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀ gbọ̀ngàn kún. Jẹnẹrétọ̀ wà níta lẹ́bàá wíńdò, Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí afárá lè gbóná. Lẹ́yìn náà ni àwọn adájọ́ wo ẹ̀rọ kékeré méjì tó ń ka afẹ́fẹ́ apani. Èyí tó wà ṣáájú afárá ka ẹgbẹ̀ta. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ka mọ́kànlá.

Àgbà nínú àwọn adájọ́, obìnrin kan tí awò rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú, bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. "Ta ló jó irin yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá mi. Onímọ̀ nípa irin ni wọ́n."

"Wọ́n wà níbí?"

"Iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè wá, mà." Kò sọ fún bàbá rẹ̀ rárá pé wọ́n pe àwọn òbí.

Wọ́n fún un ní ipò kìíní. Nígbà tí irin ti tutù, ayàwòrán ní kí ó gbé ife ẹ̀yẹ sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀yẹ ló ń gbé ife. Ó fi ife sílẹ̀ lórí tábìlì, ó tú páìpù rẹ̀ kúrò lára jẹnẹrétọ̀, ó gbé àpótí afárá kúrò lórí pákó, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè orí. Ẹrẹ̀ tí iná ti yan gbẹ ń já bọ́ láti ikùn rẹ̀ ní èépá èépá sórí irun rẹ̀. Ó gbọn orí, ó rẹ́rìn-ín sí ayàwòrán. Lẹ́yìn náà àwọn tó ṣètò ìdíje gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi hàn ní ìlú mìíràn. Èrò láti dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì parí síbẹ̀.

Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ nínú mọ́tò Tíṣà Kẹ́mísírì. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife lé itan, ó ń wo ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Fóònù tíṣà dún. Tíṣà gbọ́ díẹ̀, ó ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ wa ni," ló wí. "Ó lọ rọra kọ lu ògiri. Àǹtí Dírẹ́bà dákú sídìí ọkọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti gbogbo wíńdò nítorí òjò."

Ọmọ méjìdínlógún ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ń bì, àwọn tó wà láàárín ń sunkún, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ṣe nǹkan kan. Rédíò ló pẹ́ jù kí ó tó lajú. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ike bo imú àti ẹnu rẹ̀, ìyá wọn jókòó tì í, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹni pé yóò sá lọ. Dókítà ní afẹ́fẹ́ náà ti gba ààyè èémí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà pẹ́ jù. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n di gbólóhùn yẹn mú, ó ń wí i fún ara rẹ̀ láràárọ̀: kò sẹ́ni tó kú.

Àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ti dé ọgbà bàbá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì ìjàǹbá náà, wọ́n wọ́ bọ́ọ̀sì náà wá. Wọ́n ní kí bàbá wọ abẹ́ rẹ̀ kó wá sọ ohun tó rí. Bàbá wọlé. Ó rí páìpù lásán níbi tó yẹ kí afárá wà. Ó rí ojú jíjó tó tò, tó ń dán. Ó fi ìka tọ ọ́ yípo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀.

"Ta ló ṣiṣẹ́ yìí?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

Bàbá jáde. Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀. "Ọgbà mi ló ti jáde."

"Afárá rẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó tà á. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin ti ọgbà rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan orúkọ tuntun ti dé. "Bàbá Afárá, ẹ káàárọ̀ o," ni àwọn èèyàn ń wí tó bá kọjá, wọn kì í sì í wojú rẹ̀. Àǹtí Dírẹ́bà, tó fi aṣọ gbé apá rẹ̀ tó ṣẹ́ kọ́ ọrùn, rí i ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó dúró, ó wò ó tẹsẹ̀torí. "Ọkùnrin tó ń fọṣẹ wẹ irin," ló wí, ó sì kọjá lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ọgbà náà, bàbá ń fọwọ́ lẹ́yìnkùlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣiṣẹ́ kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé tówẹ́lì wá fún un.

"Ìyá mi," ni bàbá wí láìbojú wẹ̀yìn, "ṣé o fi omi ọṣẹ kàn án?"

"Kí ni, Bàbá?"

Bàbá gba tówẹ́lì. Ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. "Ó dáa," ló wí. Kò bi í ní nǹkan kan mọ́, lọ́jọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fẹ́ẹ́ sọ ọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ti fẹ́ẹ́ sọ ọ́ tó ìgbà márùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá ya ẹnu, yunifásítì á dúró síwájú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ga níwájú wa nínú ìpéjọ. Tí òun bá kàwé tán, òun á kọ́ ọgbà tuntun fún bàbá, èyí tó ní òrùlé. Bí òun bá sọ ọ́ báyìí, ta ni yóò kọ́ ọ? Nítorí bàbá náà ni òun ṣe dákẹ́. Ìfẹ́ òbí ló fi ń bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Tíṣà Kẹ́mísírì pè é sí ẹ̀gbẹ́ lọ́jọ́ kan. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, afárá tó o lò yẹn, o ní bàbá ẹ ló fún ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Tíṣà ronú. Ó gbójú sókè, ó rí ife ẹ̀yẹ lórí pẹpẹ ọ̀gá àgbà, ó sì rántí pé òun ní ìwé tí òun fẹ́ máàkì.

Rédíò padà sílé ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ó ń jẹun, ó ń rìn, ó ń sùn. Kò sọ̀rọ̀. Ó máa ń ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ẹ́ wí nǹkan, á wo ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀, á sì tún un pa dé. Ìyá wọn á gbé e jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á nàka sí mọ́tò tó ń kọjá. "Nọ́ńbà wo nìyẹn? Kà á fún mi." Rédíò á wo ìka ìyá rẹ̀. Nínú yàrá, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbọ́ wọn á di etí, á sì máa gbàdúrà. Àdúrà kan náà ni: jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ohun yòówù kó sọ.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ rò pé ilé ẹ̀kọ́ náà nílò ìròyìn ayọ̀. Ó ní wọn yóò tẹ àwòrán Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ó tó ògiri kan, wọn yóò sì gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ayàwòrán fi àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí fóònù tíṣà pé kí ọmọ náà mú ọ̀kan. Nínú àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ pa dé díẹ̀. Nínú èkejì, ẹnìkan ṣíji bò ó. Nínú ẹ̀kẹta, ó gbé àpótí náà sókè orí, ẹ̀rín rẹ̀ mọ́. Ó fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí ojú ara rẹ̀ fi kún fóònù. Ó ní, "Èyí ni, sà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni wọ́n ṣí i. Wọ́n ní kí àwọn òbí wá. Ìyá wọn mú Rédíò lọ́wọ́ wá. Àǹtí Dírẹ́bà wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá wọ aṣọ tó mọ́, ó dúró ní ìkángun lẹ́bàá ògiri ilé ẹ̀kọ́, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ sì ń rọra sún. Ọ̀jọ̀gbọ́n rí i. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Kátálíísì," ló wí, "ni ohun tí ń yí àwọn mìíràn padà, tí òun kì í yí padà, tí kì í sì í pàdánù ohunkóhun."

Àwọn tó ń kàwé yìí láti rí ẹ̀kọ́ kọ́, ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà. Iṣẹ́ tí a kò dán wò kò tíì parí, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ẹ̀bi tí a sì jẹ́ kí ẹlòmíràn rù kò tíì kúrò lọ́rùn wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ méjèèjì sórí, bó ṣe mọ àmì orí fífọ́ sórí, wọ́n sì wúlò fún un bákan náà.

Ọ̀gá àgbà fa aṣọ tó bo àwòrán náà wálẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n tóbi bí ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, apá rẹ̀ méjèèjì nà sókè, àpótí afárá sì wà lókè orí rẹ̀ pẹ̀lú ikùn níwájú, níbi tí ẹrẹ̀ ti já bọ́ tí iná kámẹ́rà sì ti bọ́ sí i gan-an. Àmì kan wà níbẹ̀, tí ẹnìkan ti fi ìṣó ha.

Rédíò bọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Ó rìn gba àárín àwọn èèyàn lọ títí ó fi dé abẹ́ àwòrán náà. Ó gbé orí sókè. Ẹnu rẹ̀ yà, ó pa á dé, ó tún yà á.

"Ẹẹ́rin," ló wí.

Àtẹ́wọ́ rọlẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Oókan."

Ní ìkángun, lẹ́bàá ògiri, bàbá wo ilẹ̀.

"Eéje." Ọmọ náà yíjú wá Àǹtí Dírẹ́bà láàárín èrò, inú rẹ̀ dùn pé òun rí nǹkan tí òun mọ̀. "Àǹtí, bọ́ọ̀sì wa nìyẹn."